Ímeèlì Kejì Bàbá Káfíńtà

Bàbá káfíńtà ní kí ọmọ òun obìnrin bá òun ṣí ímeèlì kejì.

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Ṣé lẹ́tà inú ẹ̀ á pẹ́ tó ogún ọdún? Ṣé èèyàn á lè ṣí i níbikíbi?"

"Á lè ṣí i, Bàbá."

Àyà ọmọ já. Àbí gbájúẹ̀ orí ayélujára kan ti ń pe bàbá òun ní olólùfẹ́?

Ó fi ẹ̀rín bò ó. "Ta ni ìyàwó tuntun yìí? Orúkọ wo ni kí n kọ?"

"Kọ Ọmọ-ọmọ Káfíńtà. Tó bá dàgbà, á ka gbogbo lẹ́tà mi."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì ní ọmọ-ọmọ!"

Bàbá wo aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ọrùn ọmọ rẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fojú wọn pákó. Ṣé n ò ní mọ ohun tó ń fẹ̀ sí i ni?"