Èjìká Dókítà Eegun

Pé dókítà ni yóò jẹ́, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ àríyànjiyàn. Ìlọ́bù ti gbà bẹ́ẹ̀, Ìfọ́n náà ti gbà bẹ́ẹ̀, tilé-toko ló sì ti ń pè é ní Dókítà. Irú dókítà tí yóò jẹ́ ló kù. Nítorí ìyẹn ni Jàlálù ṣe ránṣẹ́ pe àwọn àna rẹ̀ wá sílé rẹ̀ ní Ìlọ́bù lọ́sàn-án Sátidé kan.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín ìlú méjèèjì rú, kì í ṣe gbogbo ilé ní Ìlọ́bù ló ń gba àlejò láti Ìfọ́n. Afọlábí ọmọ rẹ̀ ló lọ fẹ́ Olúwafisáyọ̀, ọmọ Tíṣà Ọládèjì ará Ìfọ́n. Dókítà, ọmọ àwọn méjèèjì, ni okùn kan ṣoṣo tó so ilé méjì náà pọ̀. Bí okùn yẹn bá já, Jàlálù ò mọ ohun tí wọn yóò tún fi so wọ́n pọ̀.

Ọládèjì dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n béèrè ti oko, wọ́n béèrè ti ọ̀nà. Fisáyọ̀ jáde láti yàrá, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀.

"Rárá, dìde," Ọládèjì ní. "Jókòó sórí àga."

Jàlálù gbé fọ́tò Dókítà tí wọ́n yà ní Òṣogbo sórí tábìlì. Iṣẹ́ tẹ́lọ̀ ni Jàlálù fi hu ewú orí rẹ̀. Ojú lásán ló fi ń wọn èèyàn, kò sì gbà pé òun ṣì í wọ̀n rí.

"Ẹ wo èjìká," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe fẹ̀. Ṣé èjìká ẹni tí á máa fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú èèyàn nìyí? Ẹni tó máa fa eegun padà sípò nìyí. Dókítà eegun ni."

Ọládèjì wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà, ó yí i po, ó tún un wò.

"Èmi ò rí èjìká. Orí ni mo rí. Ẹ wo bí iwájú orí yìí ṣe yọ síta. Orí bàbá mi gan-an nìyí. Dókítà ọpọlọ ni."

"Ọmọ wa?" Jàlálù ní. "Kó máa tọ́jú wèrè?"

"Mi ò dárúkọ wèrè, àna mi. Àwọn tí mo ń sọ, wọ́n á la orí, wọ́n á tún inú rẹ̀ ṣe."

"Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, bí ẹ ṣe máa la orí èèyàn lẹ ṣáà ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí Jàlálù tó mọ̀. Ìyàwó Ọládèjì ló fẹ́ fi omi tútù sí i.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ ò rí i pé ojú rẹ̀ tutù ni? Ó tẹrí ba, ó káwọ́ sáyà bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kò tilẹ̀ wo ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹni tó nítìjú báyìí, dókítà àwọn ọmọdé ló yẹ ẹ́."

"Pẹ̀lú iwájú orí yẹn?" Jàlálù ní. "Gbogbo ọmọdé á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

"Kì í sùn lóru," Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ dá sí i. "Ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó ní jàǹbá ọkọ̀ lọ ni kí wọ́n fi í sí. Ẹ bi Fisáyọ̀."

"Òótọ́ ni, lánàá kò jẹ́ kí n fojú kan oorun," Fisáyọ̀ ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní dáa kó fúnra rẹ̀ yàn?"

"Kí ló mọ̀?" Jàlálù àti Ọládèjì pa ẹnu pọ̀.

"Oṣù yìí ló máa jáde," Ọládèjì fi kún un. "Bó bá ti jáde, ariwo ayé á wọ̀ ọ́ létí, apá wa ò ní ká a mọ́."

Wọ́n ní kí Afọlábí náà sọ̀rọ̀. Ó gbé fọ́tò náà sójú, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju kùrukùru lọ. Wọ́n ní kó jókòó.

Ọládèjì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó dìde. "Tó bá jẹ́ pé ìlú mi lẹ pè mí wá bú, ó dáa. Fisáyọ̀, gbé báàgì rẹ. Ìfọ́n là ń lọ."

"Kó máa lọ," Jàlálù ní. "Ṣùgbọ́n Dókítà ò kúrò nílé yìí."

Ọládèjì wò ó bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣi ìṣirò. "Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn?"

Jàlálù wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àna rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀. "Àna mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣì sọ."

"Ẹ jẹ́ n bi yín," Mùíbátù ní. "Ṣé orí ò ní eegun ni?"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Ọládèjì rọra padà jókòó.

"Dókítà eegun orí," ó ní.

"Eegun á jẹ́ ti Ìlọ́bù," Jàlálù ní.

"Orí á jẹ́ ti Ìfọ́n."

Jàlálù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Jàlálù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, Ọládèjì di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ Dókítà mọ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Àdúrà náà kò dé àmín, nítorí Fisáyọ̀ dìde lójijì, ó di ògiri mú, ó ní kí Afọlábí sáré lọ wá mọ́tò, omi ti ya, òun ti ń rọbí, Dókítà ti ń bọ̀ wá sáyé.