Òṣèré Létí Kòtò

"Dádì Gbémi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iyẹ̀pẹ̀ yẹn bù. Ojú yín ò wọnú kámẹ́rà."

Òṣèré náà tún un bù. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Kò bínú, kò sì dùn ún. Ara rẹ̀ ló kàn kú. Ogún ọdún ló fi ṣeré orí ìtàgé ní Kroatíà, ilẹ̀ baba rẹ̀, kó tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí Fẹ́sítáàkì l'Ékòó. Láti ìgbà náà, òun ni òyìnbó inú gbogbo fíìmù tí wọ́n ń yà ní Amúwò: àjẹ́lẹ̀ lónìí, dókítà lọ́la. Ìyàwó mẹ́rin ló ti sin nínú fíìmù.

"Ṣé kí n sunkún?" ó bi Níyìọlá tó gbé kámẹ́rà dání.

"Tó bá wá, sà, ẹ jẹ́ kó wá."

Kò wá. Ẹni tó ti ń ta omijé jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ó ti dáa," ni Níyìọlá wí, ó sì gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Níbi iṣẹ́, tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, òkú a dìde nínú pósí, a gbọn ara nù, a lọ jẹ ìrẹsì. Òun ló sábà máa ń fà wọ́n dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sínú kòtò.

Gbémi, ọmọbìnrin rẹ̀, di ọwọ́ náà mú. "Dádì, Mọ́mì ò ní dìde."

Níyìọlá sáré tún gbé kámẹ́rà sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ń wá."