Ọ̀jọ̀gbọ́n Mo-ti-mọ̀ àti Ibùdó Kejìdínlógún

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló kó bá ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìwé tó ti kà kún yàrá kan. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í béèrè. Ọ̀rọ̀ kò ní tíì dé ìdajì lẹ́nu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí yóò fi máa mi orí, tí yóò ní, "Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀." Àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní yunifásítì lókè òkun ló sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju orúkọ àbísọ rẹ̀ lọ.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílé, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìyá wọn kú nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń rákòrò, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ilẹ̀ ilé ìdáná ló ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọ ní oókan, eéjì. "Bàbá kékeré" ló ń pè é láti ìgbà náà, kò sì yí i padà títí irun ọkùnrin náà fi ń funfun. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò, ẹ̀gbọ́n ní, "Bàbá kékeré, wọ́n tún ti fún mi níṣẹ́ ìbò o. Èmi ni mo máa ṣe alábòójútó ní..."

"Mo ti mọ̀, Àǹtí. Èrú ló máa kún inú ìbò ọdún yìí. Ẹ ṣáà tọ́jú ara yín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, ilé iṣẹ́ rédíò kan nílé ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun wá tú u palẹ̀ fún aráàlú. Àwọn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá ìpàdé, tíì wọn ti tutù níwájú wọn. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi kọ àwọn ibùdó ìdìbò sínú ìwé ọwọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi bírò tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró lórí nọ́ńbà kejìdínlógún. Ẹgbẹ́ kan ní ọgọ́sàn-án ìbò ó lé mẹ́rin. Èkejì kò ní ẹyọ kan.

"Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ níbì kankan," ló wí.

Onímọ̀ ìṣirò tó jókòó tì í, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi ọwọ́ bo gbohùngbohùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ẹnì kan níbẹ̀. Ó lè nídìí."

"Mo ti mọ ìdí ẹ̀." Ó fa gbohùngbohùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó kọ èsì ibùdó kejìdínlógún, olè ni. Ẹ wá a kàn!"

Bí ètò ti parí, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó lè gbọ́ oríyìn. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Gbogbo wa la gbọ́ ẹ. Mo to àga yí rédíò ká, mo pe àwọn aládùúgbò. Mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ tí mo tọ́. Bàbá kékeré, èmi ni mo kọ èsì yẹn."

Dípò "mo ti mọ̀," ìbéèrè ló jáde lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n. "Àǹtí, kí ló dé tí olùdíje ẹgbẹ́ kejì ò fi rí ìbò kankan?"

"Ó wá ṣe ìpolongo ládùúgbò wa, ó ní tóun bá wọlé, òun máa wó gbogbo ilé etí odò. Ta ló fẹ́ dìbò fún un? Aṣojú ẹ̀ gan-an fọwọ́ síwèé èsì. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan sọ òkò fọ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń pariwo, "Olè ìbò!" Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kó máa gbélé ná. Ó gbélé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àjọ elétò ìdìbò tó tún ìbò náà kà ní gbangba. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin ni, kò fi ẹyọ kan dín. Ọ̀jọ̀gbọ́n padà sórí rédíò, ó tọrọ àforíjì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà, kò sí rédíò tó tún pè é.

Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó gbé omi gbígbóná fún un láti wẹ̀, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn rẹ̀ ti yọ. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àná rárá. Wọ́n jọ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ka ìbò fún ogún ọdún.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò ní ka ìbò lónìí ni?"

"Wọ́n bẹ̀ mí títí. Tí mo bá ti di bírò mú báyìí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n."

Nírọ̀lẹ́, akọ̀wé kan tí wọn kò mọ̀ rí dúró níwájú kíláàsì, ó ń ka ìbò sókè. Ẹ̀gbọ́n wà láàárín èrò, ètè rẹ̀ sì ń ka ìbò tẹ̀lé e láìsọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe àbúrò rẹ̀ débi pé kò lè gbé ojú sókè. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ forí jì mí."

"Ó pẹ́ tí mo ti forí jì ẹ́, Bàbá kékeré."

Òótọ́ ló sọ, ọ̀jọ̀gbọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń gbọ̀n nínú ọwọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé kí á máa béèrè kí á tó dájọ́, pàápàá bí a bá jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Iye tí a rí nínú ìwé, ènìyàn kan ló jókòó kà á, ẹni náà sì ní ilé, ó ní orúkọ rere tó ń tọ́jú. Bí a bá ti bà á jẹ́, ó lè fi tinútinú dárí jì wá, kí ohun tí a bà jẹ́ má sì ṣeé tún ṣe mọ́. Mo-ti-mọ̀ ti ń béèrè báyìí. Ó ṣeni láàánú pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.