Ìjà Oníbúrẹ́dì àti Oníyìnyín ní Agége

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo Èkó ni àrùn ilẹ̀ gbígbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Dàhòmì. Mùínàt, nọ́ọ̀sì kan ní Agége, ní ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sùlíyá, abilékọ tó ti bímọ mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti bupá fún. Oògùn ìbupá wà ní Èkó, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó o lọ. Ohun tí kò sí ni ọkọ̀ tí yóò gbé e, àti yìnyín tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́nà.

Mùínàt ń lọ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́, láti Agége títí dé Ìkẹjà. Gbogbo àwọn oníṣòwò ló gbà á tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Sànní onípákó ní Ọlọ́run á ṣàánú àwọn ará Àjàṣẹ́. Dàwódù ọlọ́kọ̀ ní òun náà á máa gbàdúrà fún wọn. Àlàbá ọlọ́ṣẹ tilẹ̀ fún un lómi tútù mu. Àdúrà kún ọwọ́ Mùínàt lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n a kì í di àdúrà yí oògùn ká kó má baà gbóná.

Nígbà tó sú u, ó lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Kàsúmù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ni ilé búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ló gbé jáde. Ó gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Láídé, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe yìnyín àti ẹlẹ́rìndòdò. Ó pẹ́ níbẹ̀ náà, ọwọ́ òfìfo ló sì tún gbé jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn èèyàn ṣe ń ti ibi ìrun Jímọ̀ bọ̀, Láídé dúró síwájú ilé búrẹ́dì, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Kàsúmù! Wọ́n ní o fẹ́ kó búrẹ́dì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní Àjàṣẹ́. Búrẹ́dì àná ni, àbí ti ìjẹta?"

Ẹnu ya àwọn èèyàn. Odindi Àlàájì ni Láídé ń pè ní "o"!

Kàsúmù yọjú. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ Mùínàt tó dúró láàárín èrò, kó tó dáhùn.

"Búrẹ́dì gbígbóná tó máa kún ọkọ̀ ni! Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tíì dá?"

"Yìnyín tí òtútù ẹ̀ máa mú gbogbo Agége ni màá dá! Ká wò ó bóyá Ìjẹ̀bú á lè ká a!"

Mùínàt sáré kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ má jà nítorí tèmi!" Ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ṣe àwọn òǹwòran láàánú gan-an.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìjà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni méjì. Ta ló máa jókòó kí wọ́n máa fi ìlú bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀? Sànní, ọmọ Ìjẹ̀bú, kan àpótí pákó, ó sì kó lẹ́búlẹ́bú pákó wá láti fi di yìnyín kó má tètè yọ́. Ó ní yìnyín Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè dé Ọ̀tà bí kò bá sí pákó Ìjẹ̀bú. Àwọn télọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́, inú bí wọn, wọ́n rán aṣọ ìbora. Àlàbá, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, kó ọṣẹ jáde, ó ń kọrin.

Ó wá ku ọkọ̀. Dàwódù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò yá ẹnikẹ́ni lọ́kọ̀ rí láyé rẹ̀. Kàsúmù gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ó ń pariwo pé, "Ògbómọ̀ṣọ́ ní yìnyín, wọn ò lọ́kọ̀! Ṣé orí ni wọ́n máa fi rù ú ni?"

Dàwódù fi oúnjẹ sílẹ̀. "Ta ló ní a ò lọ́kọ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ jáde, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbéra, Agége kò gbèrò mọ́. Láídé he yìnyín, ó jù ú lu Kàsúmù láyà. Kàsúmù sọ búrẹ́dì lù ú padà. Láídé hán an, ó gé e jẹ, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mùínàt tún fi ìborùn bojú.

Nígbà tí Dàwódù dé láti Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ Mùínàt ló kọ́kọ́ yà sí.

"Wọ́n ti bupá fún ẹ̀gbọ́n rẹ àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara wọn le koko. Wọ́n ní kí n kí ọ."

Mùínàt bú sẹ́kún. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ìborùn.

"Ṣùgbọ́n oògùn tán kó tó kárí," Dàwódù wí. "Abúlé méjì ṣì kù lẹ́yìn ìlú tí wọn ò tíì rí nǹkan kan gbà."

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn àgbà Agége pe ara wọn jọ. Wọ́n ní ìjà náà ti tó gẹ́ẹ́, pé tó bá di Jímọ̀, Kàsúmù àti Láídé yóò bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ṣe àmín.

Nírọ̀lẹ́, Mùínàt gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Láídé, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ tó ń gbé ẹlẹ́rìndòdò tútù fún Àlàájì Kàsúmù, tó ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi," ó sì sọ fún àwọn méjèèjì pé, "Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n parí ìjà yìí lọ́jọ́ Jímọ̀ o; abúlé méjì ṣì kù, èébú tí mo kọ́ yín lọ́jọ́sí kò sì tíì dé ìdajì."