Owó Ìgbádùn

Ọjọ́ tí atẹ̀wé kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ fún un lówó pé kó fi wọ tasí lọ sílé. Ó fi owó náà sápò, ó fẹsẹ̀ rìn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lára àwọn tó ti ń pè é ní Ahun látọjọ́ pípẹ́, àwọn kan ṣì yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó yá wọn, ó sì ní kí wọ́n máa kọ́ ọgbọ́n lára Ahun.

Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìṣọ́wóná. Aránṣọ ni obìnrin náà. Nígbà tó fẹ́ ẹ, bí owó bá ṣe ń wọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọwọ́ òsì ń ná an. Atẹ̀wé wá ṣe òfin kan: ohunkóhun tó bá wu èyíkéyìí nínú wọn láti náwó lé, kó fi oṣù kan dúró ná. Bó bá ṣì ń wù ú lẹ́yìn náà, kó ná an. Púpọ̀ nínú ohun tó ń wu ìyàwó kì í pé oṣù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jiyàn, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́nà jíjìn, tó fẹ́ wọ mọ́tò lọ wò ó. Atẹ̀wé ní òfin lòfin. Ìyá náà kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, owó mọ́tò tí wọn kò ná sì wúlò níbi ìsìnkú. Láti ìgbà náà, ìyàwó kò bá a jiyàn lórí owó mọ́, ilé sì tòrò.

Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìgbádùn sọ́tọ̀ sí báńkì. Orúkọ ìyàwó ni atẹ̀wé fi sí, torí ó mọ̀ pé kò ní fọwọ́ kàn án. Ilé kékeré kan létí òkun ni wọ́n ń fi í pa mọ́ fún, tí wọn yóò máa gbé lọ́jọ́ ogbó.

"Ìwọ ni kó o wá a," ni atẹ̀wé wí. "Ojú ẹ ti là sí ohun tó dáa tí ò wọ́n."

Ìyàwó wá a, ó sì rí i.

"Yàrá kan ni, pẹ̀lú ilé ìdáná," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Fèrèsé ẹ̀ kọjú sómi. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló kéré, Dádì."

"A ó sún mọ́ra. Àbí o ti gbàgbé ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

Nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, ó mú atẹ̀wé wọ ilé ìdáná, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò ní jóná. Atẹ̀wé ń fẹ́ ìka tí ìkòkò jó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì sinmi tán, o ti tún fẹ́ gbà mí síṣẹ́!"

"Ẹ rọra. Ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Ó lọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó gbé wọn kọ́. Atẹ̀wé béèrè ìdí tí kò fi kó wọn sínú àpótí. Ó ní wọ́n máa rún. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, awakọ̀ gbé àpótí aránṣọ sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ̀ lé e, ó sì ti búùtù pa. Aránṣọ wọ mọ́tò, ó jókòó.

"Ó ku ẹrù tèmi," ni atẹ̀wé wí.

Awakọ̀ wo obìnrin náà. Obìnrin náà kò wo ẹnikẹ́ni.

"Kí lò ń ṣe yìí? Ìwọ tí mo fọkàn tán ju ara mi lọ!"

Ìyàwó rẹ̀ pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìdajì owó náà ti wà lórúkọ yín ní báńkì, Dádì, ẹyọ kan ò dín, ìdajì tèmi ni mo fi gba ilé náà, ènìyàn kan ṣoṣo ni mo sì gbà á fún."