Àyè Onígìtá

"Kì í ṣe ìyẹn!" Àwọn oníbàárà ń lu tábìlì. "Ẹ kọ èyí tí gbogbo wa mọ̀!"

Ọdúnayọ̀, tó ni ilé ọtí náà, sáré lọ bá akọrin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Ta ló mọ orin àtijọ́ tí ẹ̀ ń kọ yìí?"

"Ẹni tí mò ń kọ ọ́ fún mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ là ń kọ tiyín. Tòní, ó tì o!"

Ó yí sípíkà kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ó kọjú rẹ̀ sí igi tí wọ́n fi dí bodè Ìlárá lẹ́yìn ọgbà. Aṣọ́bodè kan tó ń mu málítì dìde.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Wọ́n ti ti bodè. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ kọjá."

"Orin ni, ọ̀gá. Kì í ṣe ìrẹsì."

Ó tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, níbi tí gìtá nìkan ti máa ń dún, ó dákẹ́, ó sì ní kí onílù dáwọ́ dúró. Àga onígìtá ṣófo. Oyèkúnlé tó máa ń jókòó síbẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlárá apá ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ti bodè mọ́ ọn síbẹ̀.

"Ó ti gbàgbé orin!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Akọrin náà tẹ́tí sí bodè.

Ni gìtá bá dún láti òdìkejì bodè, ó bọ́ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un gẹ́lẹ́.

Aṣọ́bodè náà wo igi ìdènà, ó wo akọrin, kò mọ ẹni tí yóò mú.