Ìlà Pupa Méjì

Tóṣù bá ti lé, Alhaja Memunat á gbé ife ṣiṣu dé ẹnu ọ̀nà yàrá Àyìndé ọmọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ganiat, ìyàwó ọmọ náà, á tọ̀ sínú rẹ̀. Alhaja á ki ìwé àyẹ̀wò oyún bọ̀ ọ́, á rí ìlà pupa kan ṣoṣo, á sì pòṣé kí gbogbo agboolé gbọ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta.

Lóṣù yìí, Ganiat ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́rí. Ó ní ó ti sú òun.

“Tí ò bá tọ̀ lónìí,” ni Alhaja wí, “Bilqis tí mo fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì fún ọkọ rẹ̀ ń wọlé yìí ní Jímọ̀.”

Ẹ̀rù ba Àyìndé, torí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì í fọ̀rọ̀ ṣeré.

“Màmá, ẹ fún mi ní ife yẹn. Ẹ jẹ́ n lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e jáde. Ife kún.

Ìlà méjì ló yọ. Alhaja fi ìwé mìíràn wò ó, méjì náà ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn fi há. Ganiat wo ọkọ rẹ̀, ọkọ ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ganiat ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Àyìndé ló ń pọnmi, bó tilẹ̀ ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé abẹ́ òun wúwo lápá kan.

“Ṣé ìwọ lo lóyún ni?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ Àyìndé ní Ìdúmàgbò, Mọ̀núrù tí wọ́n jọ ń tajà tọ́ka sí àyà rẹ̀ tó ń wú bí ọmú obìnrin.

“Bọ̀dá Àyìndé, ẹ̀yin lẹ máa fún bébì lọ́mú ni?”

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Alhaja kó àwọn méjèèjì lọ ṣe scan oyún ní ọsibítù. Dókítà Ṣèyí wo inú Ganiat, ó tún un wò.

“Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Kò dà bíi pé oyún débẹ̀ rí.”

Alhaja ò bá a jiyàn. Ó yọ fóònù, ó ń wá nọ́ńbà àwọn òbí Bilqis. Omi bọ́ lójú Ganiat.

Àyìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun tọ̀ sínú ife ọjọ́ náà, kí wọ́n ṣáà lè fi ìyàwó òun lọ́rùn sílẹ̀, Alhaja sì bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Dókítà Ṣèyí ò rẹ́rìn-ín: ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí Àyìndé bọ́ ṣòkòtò kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, torí bí ìtọ̀ ọkùnrin bá yọ ìlà méjì, jẹjẹrẹ inú kórópọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.